Ẹ̀rí tí ẹnu jẹ́ àti ẹ̀rí tí ìwádìí mú wá: mi ò fara mọ́ "ìṣe tó dá lórí ẹ̀rí"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làákàyè.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ láti ìgbà tí àbúrò wa tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti béèrè ohun tó yẹ ká máa pe evidence-based practice ní Yorùbá, ìyẹn kí a máa tọ́jú aláìsàn gẹ́gẹ́ bí ohun tí ìwádìí ti fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́. Ó ní orí íntánẹ́ẹ̀tì ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ti ń kọ́ ọ, pé fídíò ni wọ́n fi ń kọ́ wọn, kò sì sí olùkọ́ nítòsí tí wọ́n lè dá dúró bí ọ̀rọ̀ kan kò bá yé wọn. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ fún ara wọn. Ẹ̀gbọ́n wa tó jẹ́ ògbufọ̀ dáhùn pé "ìṣe tó dá lórí ẹ̀rí," ọ̀pọ̀ nínú yín sì ti fọwọ́ sí i. Ẹ má bínú sí mi, èmi ò lè fọwọ́ sí i. Mo ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó di ẹni tó ń kọ́ni, mo sì ti rí ohun tí ọ̀rọ̀ méjì yẹn, ìṣe àti ẹ̀rí, máa ń ṣe lọ́kàn akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ẹ̀rí. Nínú èdè wa, ẹnu ni ẹ̀rí ti ń jáde. Ṣe là ń jẹ́rìí; ẹni tó bá jẹ́ ẹ là ń pè ní ẹlẹ́rìí. Ẹni tí Ọlọ́run bá ṣe lóore á dìde láàárín ìjọ, á ní òun ní ẹ̀rí tí òun fẹ́ jẹ́. Ohun tí ojú ẹnì kan rí, tí ẹnu rẹ̀ sọ, òun ni ẹ̀rí. Ẹ wá wo ohun tí ẹ̀kọ́ yìí fi ń bẹ̀rẹ̀: ó ní ohun tí ojú ẹnì kan rí, tí ẹnu rẹ̀ sọ, ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà lórí àtẹ̀gùn ohun tí a lè gbára lé. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ fi pe òkè àtẹ̀gùn, ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn gan-an ló ń tọ́ka sí.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mú ẹ̀rí wá lórí bóyá ó yẹ ká máa yí aláìsàn tí kò lè dìde padà ní wákàtí méjì-méjì, kí egbò tí ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ máa ń fà má bàa yọ sí i lára. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ tó já fáfá, kọ ojú ìwé méjì nípa aláìsàn kan tó tọ́jú, bí wọ́n ṣe ń yí i, tí egbò kankan kò sì yọ títí tó fi padà sílé. Ó kọ ọ́ dáadáa, òótọ́ ló sì kọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí mo béèrè nìyẹn, Yorùbá tí mo fi béèrè ló sì ṣì í lọ́nà. Mo ní kó mú ẹ̀rí wá, ó jẹ́rìí.

Ẹni tó mọ òfin láàárín yín ti sọ pé ní kóòtù, ẹ̀rí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan, pé ìwé ni, ọ̀bẹ ni, aṣọ tó lẹ́jẹ̀ lára ni, àti pé wọ́n máa ń da ìbéèrè bo ẹlẹ́rìí kí wọ́n tó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Mo gbà. Àlàyé yẹn ló tiẹ̀ yí mi lọ́kàn padà, nítorí pé àrídájú ni mo ti fẹ́ kí a máa lò tẹ́lẹ̀. Àrídájú ti le jù. Ohun tí a rí tó sì ti dájú, ta ló tún máa yẹ̀ ẹ́ wò? Bẹ́ẹ̀, ohun tí ìwádìí kan sọ lónìí, èyí tó tóbi jù ú lọ lè dá a nù lọ́la, akẹ́kọ̀ọ́ sì gbọ́dọ̀ wà ní ìmúrasílẹ̀ fún un. Nítorí náà, ẹ̀rí ló kù fún wa. Àmọ́ kò gbọdọ̀ dá rìn. Ẹ̀rí ìwádìí ni kí á máa pè é ní gbogbo ìgbà, kí ẹ̀rí ẹnu sì dúró ní àyè tirẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àríyànjiyàn lásán ni mo ń fà, ẹ jẹ́ kí n fi oorun ọmọ ìkókó ṣàlàyé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọ̀rúndún tó kọjá, wọ́n máa ń gba àwọn òbí nímọ̀ràn pé kí wọ́n da ojú ọmọ dé láti sùn. Ẹ̀rí wọn pọ̀: ọmọ máa ń sùn wọra bẹ́ẹ̀, àti pé bó bá bì, èébì kò ní há a lọ́fun. Àwọn tó ń sọ ọ́ kò parọ́. Ìgbà tí àwọn olùwádìí fi àwọn ọmọ tó kú lójijì lójú oorun wé àwọn tó wà láàyè ni wọ́n tó rí i pé dídojúdé náà wà lára ohun tó ń pa wọ́n. Ní ọdún 1991 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ní 1994 ní Amẹ́ríkà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kéde pé kí a máa tẹ́ ọmọ kó fẹ̀yìn lélẹ̀, irú ikú bẹ́ẹ̀ sì dín kù tó ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ìyá kan, kò sí nọ́ọ̀sì kan, tí ì bá fi ojú ara rẹ̀ nìkan rí i, torí pé ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ tó dojú dé sùn ló jí. Ohun tí mo ń pè ní ẹ̀rí ìwádìí nìyẹn: èyí tí ojú ẹnì kan ṣoṣo kò tó rí.

Ìṣe ńkọ́? Àṣà àti ìṣe, ọmọ ìyá ni wọ́n ní ẹnu wa. Ohun tí a bá lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú wa ni. Fífi abẹ fá irun ara aláìsàn kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ìṣe ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ̀pọ̀ wa. Ṣùgbọ́n abẹ máa ń dá ọgbẹ́ wínníwínní tí ojú kò rí sí awọ ara, ibẹ̀ ni kòkòrò ń gbà wọlé. Ní 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé kí a má ṣe fá a. Bó bá di dandan kí irun kúrò, ẹ̀rọ tó ń gé e láìkan awọ ni kí a lò. Ẹ wá ka "ìṣe tó dá lórí ẹ̀rí" bí ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ṣe máa gbọ́ ọ: àṣà tó dúró lórí ohun tí àwọn ènìyàn sọ. Ohun tí ẹ̀kọ́ yìí wá bá jà gan-an nìyẹn.

Ohun tí mo mú wá ni ìtọ́jú àfẹ̀rímúlẹ̀. Igi ń fi gbòǹgbò múlẹ̀, ènìyàn ń fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọ̀rọ̀ ń fìdí múlẹ̀. Ìtọ́jú náà lè fi ẹ̀rí múlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àmì orí lẹ́tà àkọ́kọ́ ṣeré. Bí a ti ní àfọwọ́kọ fún ohun tí a fi ọwọ́ kọ, bẹ́ẹ̀ ni àfẹ̀rímúlẹ̀ jẹ́ ohun tí a fi ẹ̀rí mú dúró. Bí a bá yọ àmì náà, ó di afẹ̀rímúlẹ̀, bí akọ̀wé àti apẹja, ìyẹn ẹni tó ń ṣe é. Àǹfààní ni èyí: nọ́ọ̀sì afẹ̀rímúlẹ̀ ló ń ṣe ìtọ́jú àfẹ̀rímúlẹ̀. Èyí sàn ju "ìtọ́jú ẹlẹ́rìí" tí ẹnì kan dábàá, tí mo kọ́kọ́ rò pé ìtọ́jú tí wọ́n ń fún ẹlẹ́rìí tó ṣàìsàn ni. Nínú àlàyé gígùn, kò sí ohun tó ní ká má kàn sọ pé "ìtọ́jú tó fi ẹ̀rí ìwádìí múlẹ̀."

Àtakò kan wà tí mo fẹ́ fúnra mi gbé dìde. Gordon Guyatt, dókítà kan ní Kánádà, ló kọ́kọ́ fi orúkọ Gẹ̀ẹ́sì yìí, ní ìrísí tó jẹ mọ́ iṣẹ́ dókítà (evidence-based medicine), síta ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Nígbà tó di 1996, David Sackett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní láti ṣàlàyé pé kì í ṣe ẹ̀rí ìwádìí nìkan: ìmọ̀ọ́ṣe ẹni tó ń tọ́jú wà níbẹ̀, ohun tí aláìsàn fẹ́ náà sì wà níbẹ̀. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Àfẹ̀rímúlẹ̀ dárúkọ ẹyọ ààrò kan, ó fi méjì sílẹ̀. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì náà ní àbùkù kan náà, mi ò sì rí ọ̀rọ̀ kan tó lè gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìdi gbólóhùn. Ẹni tó bá rí i, kó gbà mí.

Mo bọ́ sórí àwọn ọ̀rọ̀ yòókù tí àbúrò wa kọ. Fún randomised, ìyẹn ìwádìí tí kì í ṣe ẹnikẹ́ni ló ń yan ẹni tó máa gba oògùn, ẹnì kan ní "ìwádìí aláìlétò." Rárá o! Kò sí ohun tó létò tó o. Nínú ìwádìí oògùn streptomycin fún ikọ́ ife tí wọ́n gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1948, aláìsàn 107 ni wọ́n pín sí méjì, 55 gba oògùn náà, 52 kò gbà á. Inú àpòòwé tí a lẹ̀ pa ni nọ́ńbà tó pín wọn wà, kí dókítà má lè yan ẹni tó wù ú. Kèké ni wọ́n ṣẹ́. Ìwádìí oníkèké ni kí a pè é, kí a sì fi àmì sí i dáadáa kó má di kẹ̀kẹ́. Bias, ìyẹn ohun tó ń fa èsì ìwádìí kúrò lójú òótọ́, kì í ṣe ojúsàájú, torí pé ojúsàájú lẹ́bi nínú. Òṣùwọ̀n lè tẹ̀ sí apá kan láìsí pé ẹnikẹ́ni fẹ́ rẹ́ni jẹ. Ìtẹ̀sápákan tó mi. Blinding, ìyẹn kí a má jẹ́ kí aláìsàn tàbí dókítà mọ ẹni tó gba oògùn náà, ẹ má fọ́ ẹnikẹ́ni lójú: ìdìlójú.

Significant, ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣirò ń lò fún èsì ìwádìí, ló ń dùn mí jù. Gbogbo ìwé tí mo rí ló pè é ní "tó ṣe pàtàkì," akẹ́kọ̀ọ́ á sì lọ sọ fún aláìsàn pé oògùn yìí ṣe pàtàkì. Ká ní oògùn kan mú kí ibà fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dígírì wálẹ̀. Bí àwọn tó wọ inú ìwádìí náà bá pọ̀ tó, ìṣirò lè ní èsì náà jẹ́ significant, síbẹ̀ aláìsàn kò ní mọ̀ ọ́n lára. Nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní p ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n; ohun tí p tó kéré sí 0.05 ń sọ ni pé, ká ní oògùn náà kò yàtọ̀ sí ohun tí a fi wé e rárá, irú ìyàtọ̀ tó tó báyìí tàbí tó jù ú lọ kò ní ṣe kòńgẹ́ wa tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìwádìí. Nítorí náà mo ń pè é ní èsì tó kọjá kòńgẹ́. Bóyá ó ṣe pàtàkì tàbí kò ṣe, ìbéèrè mìíràn nìyẹn, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn la ti ń dáhùn rẹ̀.

Àbúrò mi, o tún béèrè bóyá kí ẹ túmọ̀ AND àti OR tí ẹ fi ń wá ìwé nínú PubMed, àkójọ ìwé ìwádìí ìṣègùn orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ní lẹ́tà ńlá, torí bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ṣe mọ̀ wọ́n. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ìtumọ̀ tí ẹ máa fi sọ́kàn. Bí mo bá ní kí ẹ pe àwọn dókítà àti àwọn nọ́ọ̀sì wá, èrò á pọ̀ sí i. Nínú PubMed, AND máa ń dín èsì kù, torí ìwé tó ní ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ nìkan ló ń mú wá. "Tó tún ní" ni kí ẹ máa gbọ́ ọ sí. OR náà kì í ṣe "tàbí" tó ń ní kéèyàn mú ọ̀kan; ì báà jẹ́ ti àkọ́kọ́, ì báà jẹ́ ti èkejì, ì báà jẹ́ méjèèjì, gbogbo rẹ̀ ló ń kó wá. Ẹni tí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ìwé bá ṣí sójú rẹ̀ lóru, ibí yìí ló ti kọ́kọ́ yẹ kó wò.

Confidence interval ni mi ò tíì rí ojútùú sí. "Ìgbẹ́kẹ̀lé" kò wọ̀ mí létí, "ààlà" nìkan kò sì gbé e tán: ibi tó ṣeé ṣe kí iye gidi náà wà ni, láti ìhín dé ọ̀hún. Bí ó bá gbòòrò, ìwádìí náà kò tíì mọ púpọ̀. Bó bá há, ó mọ̀ sí i. Ta ló ní ọ̀rọ̀ fún un?