Àtúnkọ́ ara: èrò mi lórí ọ̀rọ̀ tí a ó fi kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú àròjinlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń ṣe ìwé ẹ̀kọ́ fún àwọn nọ́ọ̀sì tí yóò máa tọ́jú ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù dábàá "ìmúpadàbọ̀sípò" fún ìtọ́jú tó ń gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dìde. Ọ̀pọ̀ yín ti fọwọ́ sí i. Èmi ò lè fọwọ́ sí i.

Ipò wo la fẹ́ mú aláìsàn padà sí? Ibi tó bá ti kú nínú ọpọlọ kì í jí mọ́. Ibi tó ṣẹ́ kù láàyè ló ń kọ́ iṣẹ́ tuntun, nípa ṣíṣe ohun kan náà léraléra. Ẹlòmíì á rìn geerege, ẹlòmíì á máa tẹ ọ̀pá títí ayé, àwọn méjèèjì ló sì jèrè ìtọ́jú. Bí nọ́ọ̀sì bá ní òun fẹ́ mú bàbá bọ̀ sípò, bàbá ti àná ni àwọn ọmọ á máa retí.

Èyí tó ká mi lára jù ni pé ọ̀rọ̀ náà sọ aláìsàn di ẹrù tí ẹlòmíì ń gbé. Ẹ wo ẹ̀wù wíwọ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń kánjú á wọ̀ ọ́ fún wọn kíá. Èyí tó mọṣẹ́ á jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ tó dá ṣáṣá ki apá tó rọ bọ ẹ̀wù ná, kí èyí tó dá tó tẹ̀lé e. Bí wọ́n bá ń bọ́ ọ, apá tó dá ló ń kọ́kọ́ jáde. Nọ́ọ̀sì náà kò ní fa apá tó rọ, torí èjìká lè yẹ̀. Ó ń pẹ́ o, ṣùgbọ́n inú pípẹ́ yẹn gan-an ni ìtọ́jú wà.

Nítorí náà ni mo ṣe dábàá "àtúnkọ́ ara". "Kọ́" tí a fi ń kọ́lé náà la fi ń kọ́ ẹ̀kọ́, ara aláìsàn sì nílò méjèèjì. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé wọ́n á kà á sí "àtúnkọ", ẹ jẹ́ ká fi àmì ohùn sí i, ó parí.

"Rọpárọsẹ̀" ní tirẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Òótọ́ ni pé àìsàn náà lè mú ohùn tàbí ọ̀fun láìkan apá tàbí ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n tọmọdé tàgbà ló mọ̀ ọ́n.

"Àyẹ̀wò ọ̀fun" ni kí a yí padà sí "àyẹ̀wò gbígbémì". Ti àkọ́kọ́ dà bíi pé kí nọ́ọ̀sì tan iná wo ẹnu. Ohun tó yẹ kó wò ni bóyá omi ń gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró, kí wọ́n tó fún aláìsàn ní oúnjẹ tàbí oògùn lẹ́nu. Ìwádìí kan tó jáde ní Ọsirélíà lọ́dún 2011 fi hàn pé níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń tẹ̀lé ìlànà lórí ibà, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àti gbígbémì, iye àwọn tó kú tàbí tó di ẹni à ń gbé lẹ́yìn 90 ọjọ́ dín kù.

Mo bẹ̀ yín, kí "apá tó kú" má wọ inú ìwé náà rárá. "Apá tó rọ" ni kí a kọ. Aláìsàn tí kò lè fèsì ṣì lè máa gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ lórí ibùsùn rẹ̀.