Kí ló mú kí ìdérí onírin borí kọ́ọ̀kì lẹ́nu ìgò?

Akẹ́kọ̀ọ́-Ẹ̀rọ: Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, mo ń ka ìtàn àwọn ìhùmọ̀ tí wọ́n gba páténtì (ẹ̀tọ́ olùhùmọ̀ lábẹ́ òfin) fún láti dé ẹnu ìgò, ṣùgbọ́n kò yé mi ìdí tí ìdérí onírin eléyín fi gba ipò kọ́ọ̀kì, ìyẹn èdídí tí wọ́n fi èèpo igi ṣe.

Aṣèwádìí: William Painter ló gba páténtì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1892. Gáàsì inú ohun mímu máa ń ti kọ́ọ̀kì sókè, nítorí náà wọ́n sábà máa ń fi wáyà dè é. Ṣùgbọ́n páànù tín-ínrín ni ti Painter, eyín 24 ló wà létí rẹ̀ (21 ló wọ́pọ̀ lónìí), ẹ̀rọ sì ń tẹ̀ wọ́n mọ́ abẹ́ ètè ìgò, nígbà tí kọ́ọ̀kì pẹlẹbẹ inú rẹ̀ ń dí àlàfo. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò ó, nítorí náà wọ́n ní láti máa ra tuntun. Ọgbọ́n òwò gidi nìyẹn, lójú tèmi.

Ìgò-Àtijọ́: Ẹ má gbàgbé ti Hiram Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1872: gáàsì fúnra rẹ̀ ló ń ti bọ́ọ̀lù gíláàsì mọ́ òrùka rọ́bà lọ́rùn ìgò.

Akẹ́kọ̀ọ́-Ẹ̀rọ: Ẹ ṣeun. Ìdérí tí John Mason, ará Amẹ́ríkà, gba páténtì fún ní 1858 ńkọ́?

Aṣèwádìí: Ìyẹn yàtọ̀. Ìdérí tí a ń yí ni, fún ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò tí wọ́n ń tọ́jú oúnjẹ sí.