Báwo ni kí n ṣe kọ́ wọn ní "break"?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ lẹ́yìn ilé-ìwé ní Ìjẹ̀bú-Òde ń múra ìdánwò WAEC, ọ̀rọ̀ "break" sì ń dà wọ́n láàmú. "Fọ́" nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Wọ́n rí "break the fast", wọ́n ní ààwẹ̀ fọ́; bẹ́ẹ̀ wọ́n ń ṣínu lọ́dọọdún! "Break down" ló le jù: ọkọ̀ tó bàjẹ́ lọ́nà Ṣágámù ni, ẹni tó bú sẹ́kún náà ni. Ìyá oní-gàrí tó "break even" kò jèrè, kò sì pàdánù. Mi ò fẹ́ àkọ́sórí, wọn á gbàgbé ni. Ṣé kí n kó àwọn tó ní "down" jọ lọ́tọ̀, ti "up" lọ́tọ̀, àbí kí n máa fi ìtàn kọ́ wọn? Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló ṣiṣẹ́ fún yín?