Orin wo lẹ ń fi sí fídíò oníbàárà tí kò ní dá wàhálà sílẹ̀?

Oníkámẹ́rà Ṣómólú
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Fídíò ìpolówó ni mò ń ṣe fún àwọn oníṣòwò kéékèèké, àwọn aláṣọ Balógun ló pọ̀ jù nínú wọn. Owó iṣẹ́ náà kò tó nǹkan, síbẹ̀ orin tó ń jà nígboro ni gbogbo wọn ń béèrè. Mo ti ṣàlàyé títí: bí a bá gbé e sórí YouTube, Content ID, ètò tí YouTube fi ń dá orin olórin mọ̀ nínú fídíò, á mú un, owó tó bá tibẹ̀ wọlé sì lè di ti olórin. Instagram tí wọ́n sì fi ń tajà kì í jẹ́ kí wọ́n lo ọ̀pọ̀ orin olókìkí.

Èyí tí mo ń rí lọ́fẹ̀ẹ́, dùùrù òyìnbó ló kún inú ẹ̀. Ìyá kan ń tú àdìrẹ sílẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nà án kí èèyàn lè rí bí aró ṣe mu ún, dùùrù wá ń fà lábẹ́ ẹ̀ bí ẹni ń sunkún. Kò bá a mu rárá. Níbo lẹ ti ń rí èyí tó ní ìlù wa nínú, tí apá mi á ká?

Ọmọ Sùúrùlérè
Wo Audio Library inú YouTube Studio, ọ̀fẹ́ ni. Tí o bá rí àmì CC (Creative Commons, ìyẹn àṣẹ tí olórin fi sílẹ̀ pé káwọn èèyàn lo orin òun) lára orin, kọ orúkọ ẹni tó ṣe é sábẹ́ fídíò. Meta náà ní Sound Collection, àmọ́ orí Facebook àti Instagram ni kó o fi mọ.

Màmá Ẹ́dítọ̀, Yaba
Àbúrò, ka lẹ́tà tó bá tẹ̀lé Creative Commons dáadáa. NC kò sí fún ìpolówó ọjà. ND ò jẹ́ kó o yí i padà, bẹ́ẹ̀ ìyípadà ni wọ́n ka fífi orin sábẹ́ fídíò sí. CC0 ni kò béèrè nǹkan kan.

Ní ti ìlù wa, onílù gan-an ni kó o wá. Mo pe onígángan kan láti Muṣin, ₦25,000 la jọ ṣe é sí. A pa jẹnẹrétọ̀, a ti fèrèsé, mo ta aṣọ ìbora sára ògiri kí ohùn má baà máa ta padà. Ó kọ́kọ́ fẹ́ lu orin kan tí gbogbo ayé mọ̀. Mo ní rárá, torí orin yẹn ní olóhun, ì báà jẹ́ gángan ló lù ú. Èkó ni mo ní kó kì: Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n. Oríkì ìlú, ti gbogbo wa ni.

Kí ẹ tó pínyà, ẹ tọwọ́ bọ̀wé. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ (Copyright Act) ọdún 2022 sọ ọ́ pé inú ìwé ni kí gbígbé ẹ̀tọ́ fún ẹlòmíì wà. Kó o sì kọ orúkọ ẹ̀ sínú fídíò, ó tọ́ sí i.

Oníkámẹ́rà Ṣómólú
Ẹ ṣé gan-an, mà. Tí Content ID bá wá mú ìlù tí mo sanwó fún ńkọ́?

Ọmọ Sùúrùlérè
Takò ó lórí YouTube níbẹ̀. Ọjọ́ 30 ni ẹni tó ní òun ló ni ín ní láti fèsì. Tó bá dákẹ́, á kúrò lọ́rùn ẹ. Tọ́jú ìwé yẹn àti ohùn tẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà sílẹ̀.

Màmá Ẹ́dítọ̀, Yaba
Má pe onígángan yẹn lọ́jọ́ Sátidé o, òde ló máa ń wà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa ń ráyè.