Ṣé ibi tí ọ̀rá wà lára ló ń fa àtọ̀gbẹ ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àtọ̀gbẹ oríṣi kejì ń ṣe màmá mi. Apá àti ẹsẹ̀ wọn tín-ín-rín, ikùn nìkan ló tóbi. Ìró tí wọ́n ń ró tẹ́lẹ̀ ò ká wọn mọ́. Àbúrò wọn sanra jù wọ́n lọ, àmọ́ ìdí àti itan ni gbogbo rẹ̀ wà, ṣúgà tiwọn ò sì ga rárá. Kí ló fà á?

Mo kà á pé tí sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá bá kún àkúnjù, ọ̀rá á máa tú sínú ẹ̀jẹ̀, á lọ jókòó sínú ẹ̀dọ̀, ínsúlínì, ìyẹn èròjà ara tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ò sì ní ríṣẹ́ ṣe dáadáa mọ́. Tí màmá bá wá fọn, ṣé iye sẹ́ẹ̀lì náà ló máa dín kù, àbí wọ́n á kàn súnkì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà, ẹ là mí lóye. Ẹ̀rù ń bà mí.