Ọdún mélòó ni òṣìṣẹ́ ìjọba fi ń di ambásádọ̀?

Ará Ìtókò: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Àbúrò mi, ọmọ ọdún 24, tó ń ṣe àgùnbánirọ̀ lọ́wọ́, ní ambásádọ̀ lòun fẹ́ dà. Ibo ló ti máa bẹ̀rẹ̀? Wọ́n ní ẹni tí ò bá mọ olóṣèlú ò lè débẹ̀.

Ọmọ Lísàbi: Òótọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀, torí Ààrẹ lè mú ẹnikẹ́ni láti ìta. Ṣùgbọ́n ti àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè gan-an ní àtẹ̀gùn. Federal Civil Service Commission, àjọ tó ń gba òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ló ń gbà wọ́n. Level 8 ni wọ́n ń bá wọlé, Third Secretary ni wọ́n ń pè wọ́n.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Láti 8 dé 15, ọdún mẹ́ta ló kéré jù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí 11, 10 ń fò sí 12 ni. Ọdún 18 nìyẹn. Láti 15 sí 16, ọdún mẹ́rin. 16 sí 17, mẹ́rin mìíràn. Gbogbo ẹ̀ di 26. Ọmọ 60 ọdún, tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé ni ìfẹ̀yìntì. Ẹni tó wọlé lọ́mọ ọdún 25 lè dé Level 17 lọ́mọ ọdún 51. Ẹni tó wọlé lọ́mọ ọdún 35, ìfẹ̀yìntì á ti bá a lọ́nà. Ìyẹn bí kò bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìgbéga o, tí àyè sì ṣí sílẹ̀. Kó tètè ṣe é.

Akọ̀wé Ìjẹmọ̀: Kó tún orúkọ ṣe báyìí. Bí WAEC bá pè é ní Ọládìpọ̀, tí NIN pè é ní Ọládìpúpọ̀, wàhálà ni lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń yẹ ìwé wò. Kó gba ìwé ọmọ onílùú ní ìjọba ìbílẹ̀ bàbá rẹ̀, torí ìpín Ògùn ló máa bá wọlé. Kó sì kọ́ Faransé. Ìdí-Ìrókò téèyàn bá kọjá báyìí, ó ti dé Benin, Faransé nìjọba wọn ń lò, French Village tí wọ́n ti ń kọ́ èdè náà sì wà ní Àgbádárìgì.

Bàbá Ìbàrà: Ẹ jẹ́ n fi kan kún un: Level 17 kì í ṣe ambásádọ̀. Ààrẹ gbọ́dọ̀ yàn án, kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà fọwọ́ sí i. Abala 171 òfin 1999 ló sọ bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó ń lọ náà gbọ́dọ̀ gbà á kó tó lọ. Àdéhùn Vienna ti 1961 fún wọn láṣẹ láti kọ̀ ọ́ láìsọ ìdí. Bó bá jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù tàbí Accra ní Ghana ni, High Commissioner ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ kan náà ni.

Ẹlòmíì á dúró de ìyànsípò títí ìfẹ̀yìntì á fi dé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò sí lọ́wọ́ ambásádọ̀ nìkan. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu pe fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn wálé lóṣù kẹsàn-án 2023, àwọn òṣìṣẹ́ yìí ló di ọ́fíìsì mú gẹ́gẹ́ bíi chargé d'affaires, ìyẹn adelé ambásádọ̀.