Gọ́ọ̀mù wo ni kí n fi lẹ páìpù idẹ mọ́ inú igi bírò?

Ọmọ Léètì: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Bírò onípáìpù 7 mm ni mo fẹ́ máa gbẹ́ lórí léètì, ẹ̀rọ tó ń yí igi fún gbígbẹ́. Igi osùn àti ìrókò ló wà nílẹ̀. Súpágúlù máa ń gan kí páìpù tó wọlé tán. Kí ni kí n rà?

Baba Onígi: Epoxy ni, àbúrò, gọ́ọ̀mù alápá méjì tí wọ́n ń pò pọ̀, irú Araldite. Má ra èyí tó ń gan ní ìṣẹ́jú 5. Oníṣẹ́jú 30 ló máa fún ọ láyè. Ìwọ̀n kan náà ni kí o fún jáde nínú méjèèjì, kí o sì pò ó títí àwọ̀ rẹ̀ á fi dọ́gba. Bí ọ̀kan bá fi pọ̀ ju èkejì lọ, rírọ̀ ni yóò máa rọ̀, kò ní le láéláé.

Gọ́ọ̀mù nìkan kọ́ o. Idẹ tó ń dán kì í di nǹkan mú. Fi sáńpépà 150 ha páìpù yíká, fi acetone, omi tó ń nu ọ̀rá kúrò, nù ún, má sì fọwọ́ kàn án mọ́. Gún ẹnu rẹ̀ méjèèjì mọ́ ọ̀dùnkún tí o gé pẹlẹbẹ, kí gọ́ọ̀mù má baà wọnú rẹ̀. Fi igi tín-ín-rín pa gọ́ọ̀mù sínú ihò, pa á sára páìpù náà, kí o wá máa yí i wọlé. Bí o bá tì í gbọnrangandan, gbogbo gọ́ọ̀mù ló máa há sẹ́nu ihò. Ó di ọjọ́ kejì kó o tó gbé e sórí léètì.

Ìyá Oníbírò: Ọ̀gá, ẹ má bínú, súpágúlù tó ki ṣì wúlò, bí ihò bá láyè díẹ̀ téèyàn ò sì dúró lágbedeméjì. Àbùkù rẹ̀ ni ooru: bí sáńpépà bá mú idẹ gbóná, ó máa ń tú. Àbúrò, osùn àti ìrókò lóròóró nínú o. Fi acetone nu ihò, jẹ́ kó gbẹ, lẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Òróró yẹn á tún sun jáde.

Ọmọ Léètì: Ẹ ṣé gan-an, mà. Topbond ńkọ́?

Baba Onígi: Rárá o. Igi sí igi ni ti Topbond. Kì í di irin mú, omi inú rẹ̀ ò sì níbi tó máa gbà jáde.

Ayùn Mímú: Ẹ ṣọ́ra fún gọ́ọ̀mù polyurethane náà. Ó máa ń hó, yóò sì ti páìpù jáde bí ẹ ò bá fi nǹkan há a lórí-nídìí. Bí ẹ bá bọ́ sórí acrylic, ìyẹn ike, tó mọ́ gaara, ẹ kun páìpù lọ́dà kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́, torí idẹ á hàn síta.

Gọ́ọ̀mù tó bá ráyè wọnú páìpù, ẹ fi fáìlì roboto ha á kúrò kẹ́ ẹ tó gé ẹnu igi. Bí kò bá kúrò, irin tó ń tọ́ abẹ tí ẹ fi ń gé ẹnu igi sọ́nà ò ní wọlé tààrà, ẹnu igi á wọ́, àlàfo á sì wà níbi tí igi ti pàdé òrùka àárín bírò.